Ta ló ń wọn afẹ́fẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà? Ohun tó yẹ kí ará Èkìtì mọ̀ nípa àwọn ibùdó tó ń ka afẹ́fẹ́ amáyégbóná

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní ìlú Glasgow. Ó ní tó bá fi máa di ọdún 2060, èéfín tí Nàìjíríà ń tú sínú afẹ́fẹ́ kò ní ju èyí tí igbó àti ilẹ̀ rẹ̀ lè fà padà lọ. Nínú oṣù yẹn kan náà ló fọwọ́ sí Òfin Àyípadà Ojú Ọjọ́.

Ìlérí ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í béèrè: báwo la ṣe máa mọ̀ pé a ti dé ibẹ̀? Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá gbèsè òun ń dínkù gbọ́dọ̀ máa ka owó. Ní ti afẹ́fẹ́, ilẹ̀ Áfíríkà ni kíkà yẹn ti kéré jùlọ láyé. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Ìlógbò, Ìjerò, Arámọkọ, Ẹ̀fọ̀n àti àwọn ìlú tó yí wọn ká lè rí ibi tó ti kàn yín.

Kí là ń pè ní afẹ́fẹ́ amáyégbóná?

Oòrùn ń mú ilẹ̀ gbóná, ilẹ̀ náà sì ń dá ooru rẹ̀ padà sókè. Àwọn afẹ́fẹ́ kan wà lójú ọ̀run tí kì í jẹ́ kí gbogbo ooru yẹn lọ. Wọ́n dà bí aṣọ ìbora. Ká ní kò sí wọn rárá, ayé ì bá tutù kọjá ohun tí èèyàn lè fara dà. Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé aṣọ yẹn ń nípọn sí i lọ́dọọdún.

Mẹ́ta ló ṣe kókó nínú wọn. Àkọ́kọ́ ni carbon dioxide, tí wọ́n ń kọ ní CO2. Òun ló ń jáde nígbà tí a bá jó epo bẹntiróòlù, dísù, igi ìdáná àti igbó. Èkejì ni methane, tó ń ti ẹnu màlúù jáde bó ṣe ń jẹ àpọ̀jẹ, tó tún ń ti àbàtà, ààtàn ńlá àti kànga epo rọ̀bì jáde. Ẹ̀kẹta ni nitrous oxide, tó máa ń ti ilẹ̀ tí wọ́n da ajílẹ̀ sí àti ìgbẹ́ ẹran jáde.

Ẹ fojú inú wo ìkòkò ńlá kan tí wóró ẹ̀wà mílíọ̀nù kan wà nínú rẹ̀. Ká ní afẹ́fẹ́ ni gbogbo ẹ̀wà yẹn. Kí àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó èédú fi ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ńláńlá, nǹkan bíi 280 nínú wóró yẹn ló jẹ́ CO2. Àjọ tó ń bójú tó ojú ọjọ́ lágbàáyé, ìyẹn WMO, kéde pé ní ọdún 2023, ó ti di 420. Ní ti methane, ó ti ju ìlọ́po méjì àtijọ́ lọ. Àfikún 140 nínú mílíọ̀nù lè dà bí ohun kékeré létí, ṣùgbọ́n òun ló ń yí àsìkò òjò àti ọ̀dá padà káàkiri ayé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n?

Ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n láìdáwọ́dúró ni Charles David Keeling, ọmọ Amẹ́ríkà. Ọdún 1958 ló gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sórí òkè Mauna Loa ní erékùṣù Hawaii. Nígbà yẹn, nǹkan bíi 315 nínú mílíọ̀nù ló rí. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí iye náà sì ń gòkè. Ká ní Keeling dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọdún méjì ni, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí a máa padà sí i.

Lónìí, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n.

Ọ̀nà kìíní ni ìgò. Òṣìṣẹ́ á gba afẹ́fẹ́ sínú ìgò tó nípọn, á dé e pa, á fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Assekrem nìyẹn, lórí òkè kan láàárín aṣálẹ̀ Algeria, láti ọdún 1995.

Ọ̀nà kejì ni ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán léésà wọ̀n ọ́n. Afẹ́fẹ́ á wọ inú ihò kékeré kan tó ní dígí, ìmọ́lẹ̀ á máa ta síwá sẹ́yìn láàárín dígí yẹn. Bí CO2 bá ṣe pọ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ náà ṣe máa tètè kú tó. Ẹ̀rọ yìí lè ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, bí iná bá wà.

Ọ̀nà kẹta ni òpó gíga tó yọrí ju igi igbó lọ. Wọ́n á so ẹ̀rọ mọ́ ọn tó ń wọn atẹ́gùn àti CO2 ní ìgbà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Òpó yìí ló lè sọ bóyá igbó kan ń fa CO2 wọlé ni àbí ó ń tú u jáde.

Ọ̀nà kẹrin ni sátẹ́láìtì, tó ń wò ó látòkè.

Ohun kan tún wà tí kò yẹ ká gbàgbé: kí òṣùwọ̀n gbogbo ibùdó bára mu. Ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí lọ́jà tí kóńgò oníkálukú bá yàtọ̀ síra. Kí ìyẹn má baà ṣẹlẹ̀, gbogbo ibùdó ní láti máa fi gáàsì inú sìlíńdà kan yẹ ẹ̀rọ wọn wò, èyí tí òṣùwọ̀n rẹ̀ wá láti ilé àyẹ̀wò kan ní ìlú Boulder, ní Amẹ́ríkà. Ìyàtọ̀ tí WMO fẹ́ kó wà láàárín ibùdó kan sí èkejì kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá wóró ẹ̀wà kan lọ, nínú mílíọ̀nù kan yẹn.

Ibo ni wọ́n ń gbé ibùdó sí?

Kì í ṣe ibi gbogbo ló ṣeé gbé e sí. Tí ẹ bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ gáréèjì tàbí ọjà, èéfín ọ̀kadà àti jẹnẹrétọ̀ ló máa wọ̀n. Tí ẹ bá gbé e sínú àfonífojì, òru á dà á láàmú. Ẹni tó bá jí ní kùtùkùtù ní Ẹ̀fọ̀n mọ bí kùrukùru ṣe máa ń jókòó sínú àfonífojì títí oòrùn á fi ràn. Bí CO2 tí igi àti ilẹ̀ ń mí jáde lóru ṣe máa ń jókòó nìyẹn. Tílẹ̀ bá mọ́, oòrùn á tú u ká, ewéko á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá orí òkè, etíkun tàbí òpó gíga.

Àwọn wo ló ti wà ní Áfíríkà?

Kò pọ̀. Cape Point ní South Africa ti ń wọn afẹ́fẹ́ láti ọdún 1978. Assekrem wà ní Algeria, bí a ṣe sọ. Ibùdó orí òkè Kenya ṣí ní 1999. Ní Cabo Verde, láàárín òkun Atlantic, ibùdó kan ti wà láti 2006. Òmíràn wà ní Gobabeb nínú aṣálẹ̀ Namibia, òmíràn sì wà lórí òkè Mugogo ní Rwanda.

Èyí tó sún mọ́ irú ilẹ̀ tiwa jùlọ ni Lamto, ní Côte d'Ivoire, níbi tí igbó kìjikìji ti pàdé ọ̀dàn. Ọdún 1962 ni wọ́n ti dá ibùdó ìwádìí síbẹ̀. Láti 2008 ni ẹ̀rọ léésà ti ń wọn CO2 àti methane níbẹ̀, pẹ̀lú ìrànwọ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ máa yé àgbẹ̀ Èkìtì dáadáa: iye CO2 máa ń ga nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí wọ́n ń sun igbó káàkiri. Nígbà tí òjò bá dé, tí ewé bá yọ, á tún relẹ̀.

Ní ti àwọn òpó tó ń ṣọ́ igbó, ọ̀kan ti wà ní Skukuza, South Africa, láti 2000. Àwọn kan wà ní agbègbè Djougou ní àríwá Benin. Ọ̀kan tó ga ní mítà 55 wà ní Yangambi, nínú igbó Congo. Ẹ ronú sí i: igbó Congo ló tóbi ṣèkejì láyé nínú àwọn igbó ilẹ̀ olóoru, síbẹ̀ nǹkan bí ọdún 2020 ni òpó yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀.

Ilẹ̀ Áfíríkà fẹ̀ tó mílíọ̀nù 30 kìlómítà níbùú lóròó. WMO ti sọ pé ibùdó ojú ọjọ́ lásán, èyí tó ń wọn òjò àti ooru, kò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ iye tó yẹ kó wà nílẹ̀ yìí. Tí ti òjò bá rí báyẹn, ẹ mọ bí ti CO2 ṣe máa rí.

Ilé wa ńkọ́?

Wọn ò fi ilẹ̀ Yorùbá sílẹ̀ pátápátá. Ní oṣù kejì àti ìkẹta ọdún 2004, àwọn onímọ̀ gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, láti wọn bí ooru àti ọ̀rinrin ṣe ń ti ilẹ̀ lọ sójú ọ̀run. NIMEX ni wọ́n pe iṣẹ́ náà.

Ní oṣù kẹfà àti ìkeje ọdún 2016, iṣẹ́ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ dé, orúkọ rẹ̀ ni DACCIWA, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ló náwó sí i. Ibùdó ńlá mẹ́ta ni wọ́n gbé kalẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: Kumasi ní Ghana, Ṣábẹ ní Benin, àti Ilé-Ifẹ̀. Méjì nínú mẹ́ta ló bọ́ sílẹ̀ Yorùbá. Ìkùukùu ìsàlẹ̀ tó máa ń bo ojú ọ̀run lásìkò òjò àti èéfín ìlú ni wọ́n ń wò. Kì í ṣe ibùdó CO2, ó sì níye ọjọ́ tó fi ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àwọn ọmọ wa lè ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ní Àkúrẹ́ tó múlé gbè wá, yunifásítì FUTA ń kọ́ àwọn ọmọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ìmọ̀ ojú ọjọ́ títí dé ipò ọ̀mọ̀wé. WASCAL ni ètò náà ń jẹ́, ìjọba Jámánì ló ń ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà, kì í ṣe pé a ò ní olórí pípé. Ẹ̀rọ tó ń dúró pẹ́ ni a ò ní.

Kí ló dé tí ibùdó kò fi pọ̀?

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí ló ń bá owó ìrànwọ́ wá, tó sì ń bá a lọ. Iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní CarboAfrica bẹ̀rẹ̀ ní 2006, ó parí ní 2010. SEACRIFOG bẹ̀rẹ̀ ní 2017, ó parí ní 2020. Òun ló kó àwọn onímọ̀ Yúróòpù àti ti Áfíríkà jọ láti ya àwòrán bí ìsokọ́ra ibùdó káàkiri ilẹ̀ yìí ṣe yẹ kó rí. KADI, tó tẹ̀ lé e, wá fún 2022 sí 2025. Gbogbo wọn ló ṣe iṣẹ́ gidi. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Keeling: ìwọ̀n ọdún mẹ́ta kò lè sọ bóyá nǹkan ń pọ̀ sí i. Ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún ló ń sọ ọ́. Lamto dúró torí pé ibùdó náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kí ẹ̀rọ tó dé, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ló sì ń gbé ibẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ìdí kejì ni iná. Ẹ̀rọ léésà kò fẹ́ iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Tí ẹ bá sì gbé jẹnẹrétọ̀ tì í, èéfín rẹ̀ á ba ohun tí ẹ ń wọ̀n jẹ́. Iná oòrùn àti bátìrì ló kù, owó sì nìyẹn.

Ìdí kẹta ni ohun èlò. Sìlíńdà gáàsì tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀rọ wò ń ti òkè òkun bọ̀. Tí ó bá há sọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù fún oṣù mẹ́rin, ohun tí ẹ̀rọ náà wọ̀n láàárín oṣù mẹ́rin yẹn kò ní ṣeé fọkàn tán.

Ìdí kẹrin ni èèyàn. Ọmọ tó bá mọ ẹ̀rọ yẹn tún ṣe máa ń rí iṣẹ́ tó lówó lórí ju ti ibùdó lọ, nílé tàbí lókè òkun.

Ṣé sátẹ́láìtì ò tó ni?

Japan gbé sátẹ́láìtì GOSAT sókè ní 2009, Amẹ́ríkà gbé OCO-2 sókè ní 2014. Wọ́n wúlò gan-an. Ṣùgbọ́n wọn kì í ríran kọjá ìkùukùu, ẹ sì mọ bí ojú ọ̀run wa ṣe máa ń rí láti oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án. Ìkùukùu tí wọ́n wá wò ní Ifẹ̀ àti Ṣábẹ yẹn náà ni.

Ní 2019, àwọn onímọ̀ tí Paul Palmer ti Yunifásítì Edinburgh ṣaájú wọn fi iṣẹ́ sátẹ́láìtì méjèèjì sọ pé ní 2015 àti 2016, ilẹ̀ olóoru Áfíríkà tú CO2 jáde ju èyí tó fà wọlé lọ, pàápàá ní ìwọ̀-oòrùn Ethiopia àti ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ olóoru yìí. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Gbogbo èéfín epo àti èédú tí Áfíríkà ń tú jáde kò ju nǹkan bíi 4 nínú 100 ti ayé lọ. Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ wa gan-an ló tún ń tú u, ìṣirò yí padà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló máa jẹ́rìí sí i nílẹ̀? Ibùdó tó yẹ kó jẹ́rìí kéré jọjọ. Ẹjọ́ tí a ò rí ẹlẹ́rìí rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀.

Kíkà lórí ìwé náà ní àléébù tirẹ̀. Bí ìjọba ṣe ń kà á ni pé wọ́n á wo iye màlúù, iye epo tí a jó, iye igbó tí a gé, wọ́n á wá fi iye kan lọ́pọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, iye tí wọ́n fi ń lọ́pọ̀ yẹn wá láti ọ̀dọ̀ màlúù àti oko òkè òkun. Ní Nairobi, ilé ìwádìí Mazingira ti wọn methane lẹ́nu màlúù Áfíríkà fúnra rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé.

Kí ló kan ará Ìjerò tàbí Arámọkọ?

Ó kan yín lápò. Nàìjíríà sọ ní 2021 pé òun máa dín èéfín òun kù ní 20 nínú 100 fúnra òun títí di 2030, àti pé ó máa di 47 tí àwọn ẹlòmíràn bá ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó máa ràn yín lọ́wọ́ á béèrè ẹ̀rí.

Ó tún kan kòkó. Òfin kan tí àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2023 sọ pé kòkó tó bá wá láti ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020 kò ní wọ ọjà wọn. Wọ́n ti sún ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síwájú, ṣùgbọ́n òkè ni wọ́n á ti máa wo oko.

Ọ̀rọ̀ tó tún ń bọ̀ ni ọjà carbon. Ní oṣù kọkànlá 2022, níbi ìpàdé ojú ọjọ́ ní Egypt, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ láti mú ọjà yìí gbòòrò ní Áfíríkà. Bó ṣe rí ni pé iléeṣẹ́ kan á san owó fún yín kí ẹ má gé igbó yín, tàbí kí ẹ gbin igi, òun á wá tà á fún ẹni tó ń tú èéfín níbòmíràn. Owó lè wà níbẹ̀. Àdéhùn burúkú náà lè wà níbẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé irú rẹ̀ wá bá ọba, ìjòyè tàbí ẹbí onílẹ̀, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin kí ẹ tó fọwọ́ sí i:

1. Ta ló wọn igbó wa, kí ló fi wọ̀n ọ́n, ọdún wo ló sì wọ̀n ọ́n?
2. Ṣé igi tiwa ni wọ́n wọ̀n, àbí iye tí wọ́n mú wá láti orílẹ̀-èdè mìíràn?
3. Ọdún mélòó ni ilẹ̀ yìí máa wà lábẹ́ àdéhùn, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ tí iná ọ̀gbẹlẹ̀ bá jó o?
4. Ta ló ni ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀, ṣé a lè rí i kà?

Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè kìíní, kò ní ohun tó fẹ́ rà lọ́wọ́ yín ní ti gidi.

Ibo ló kù?

Ní 2023, ìpàdé gbogbogbòò WMO fọwọ́ sí ètò tuntun kan láti máa ṣọ́ afẹ́fẹ́ amáyégbóná káàkiri ayé, kí gbogbo orílẹ̀-èdè lè máa pín ohun tí wọ́n wọ̀n. Ìpín tí Áfíríkà máa kó nínú rẹ̀ dúró lórí ohun tí ìjọba wa bá fi owó tiwọn gbé dúró. Ibùdó kan lórí òkè ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà kì í ṣe ohun tó ju agbára wa lọ. Àwọn òkè Èkìtì wà níbẹ̀. Yunifásítì wà ní Ìfẹ̀, Àkúrẹ́, Adó àti Ọ̀yẹ́. Àjọ NiMet wà. Ẹ̀rọ kan, iná tí kì í kú, òṣìṣẹ́ méjì tí wọ́n ń san owó oṣù fún déédéé, àti ìpinnu pé ẹnikẹ́ni ò ní pa á tì fún ogún ọdún: ohun tó gbà nìyẹn.

Àwọn iléèwé náà lè kó ipa. Ètò kan tó ń jẹ́ TAHMO ti ń gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn òjò àti ooru sínú ọgbà iléèwé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, kí olùkọ́ àti ọmọléèwé máa bójú tó o. Ẹni tó bá sì lè fi agolo àti rúlà wọn òjò lójoojúmọ́, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan náà tí Keeling ṣe. Ẹ ṣáà má dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọdún méjì.